Ọwọ́ mi gbàgbé sáàfù

Ẹ̀yin tí ẹ sọ bí ara yín ṣe gbàgbé pẹnáritì tí ẹ mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀, ẹ kú ìrántí. Tèmi, tábìlì tẹ́níìsì ni, n'Íbàdàn, lọ́dún 2009. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà náà.

Àṣekágbá ìdíje àwọn ilé ìwé girama ni. A ti jẹ géèmù méjì-méjì. Nínú ìkarùn-ún, mo ti ní 10, ẹnìkejì mi ní 6, sáàfù méjì, ìyẹn ìgbá tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan, sì kàn mí. Àmì kan péré ló kù, sáàfù tí mo ń gbá láràárọ̀ sì ni.

Ni mo bá wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Òfin ní kí bọ́ọ̀lù wà lórí àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ká jù ú sókè, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 16. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ṣé ìka mi ò ká? Ṣé yóò ga tó? Mo jù ú, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, báàtì mi gé afẹ́fẹ́. Ìkejì wọnú nẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkejì mi gbá tirẹ̀ méjì, ó jẹ méjèèjì. Èyí tó tún kàn mí fò kọjá tábìlì láìbà á. 12–10 ló fi nà mí.

Nǹkan náà tẹ̀lé mi délé. Bí mo bá dá wà, ọwọ́ mi á máa lọ geere. Kí ẹnì kan ṣáà ti dúró wò mí, á le gbagidi. Àwọn kan ní kí ìyá mi wádìí ẹni tó ń ṣe é. Ìyá mi ò dá wọn lóhùn. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Kóòṣì wa ló yé. Ó ní ẹni tó ru omi láìdì í mú, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọrùn rẹ̀, omi á dànù. Ó sọ ti Jana Novotna, obìnrin agbá tẹ́níìsì orí pápá, fún mi: àṣekágbá ìdíje Wimbledon, 1993, ó ń fi 4–1 ṣíwájú nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta, ó ku àmì kan kó di 5–1, sáàfù rẹ̀ méjèèjì bá kùnà. Steffi Graf, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a, ló gba ife. Novotna padà wá gbà á ní 1998.

Kóòṣì wá fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí róbótó sí igun tábìlì lọ́hùn-ún. "Ibẹ̀ ni kí o máa wò. Fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀." Ó kó àwọn ọmọdé wá dúró yí mi ká, kí wọ́n máa pariwo. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá tòun ti àbàwọ́n pupa lára. Mo gbé ọ̀kan délé, mi ò nù ún.