Ta ni òwìwí ń ṣàìgbọràn sí?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ilé-ìwé fi àkọlé kan ránṣẹ́ lánàá: "Wíwọ̀n Ìgbọràn Òwìwí", ìyẹn ni pé bí etí òwìwí ṣe ń gbọ́ ìró tó. Wọ́n sì pe ìró tó kéré jù tí etí ẹyẹ náà lè gbọ́ ní "ìloro ìgbọràn". Méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka àkọlé yẹn l'Ọ́jà Ọba níbí l'Óṣogbo, wọ́n á bi yín pé kí ni wọ́n rán òwìwí tí kò jẹ́. Ìgbọràn ti di ti ọmọ àti òbí. "Ìgbọ́" nìkan kò tó, torí a máa ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ Faransé. Ẹni tó dábàá "ìgbúròó" gbìyànjú, àmọ́ ẹni tó rìnrìn àjò ni a ń retí láti gbúròó. "Ìgbóhùn" ni tèmi. Inú "gbọ́ ohùn" ló ti wá.

Ti ìloro ló le jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ní Yunifásítì Oldenburg ní Jámánì, nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2017, wọ́n kọ́ òwìwí láti bà sórí igi kan. Tó bá ti gbọ́ ìró, kó fò lọ sórí igi kejì, ibẹ̀ ló ti ń rí oúnjẹ. Wọ́n á wá máa wo bí ìró náà ṣe máa kéré tó kí ẹyẹ tó ṣíwọ́ àtimira. (Àwọn arúgbó inú wọn ń gbọ́ bí ọ̀dọ́! Sẹ́ẹ̀lì onírun tó ń gba ìró nínú etí ẹyẹ, tó bá kú a máa hù padà, tiwa kì í hù.) Ibi tí gbígbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí náà "ìbẹ̀rẹ̀ ìgbóhùn" ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ní ìloro òwìwí kéré, ọmọ á rò pé etí rẹ̀ ò dára. Bí ẹ bá ní orí ìró tó kéré gan-an ni ìgbóhùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó yé e.

Ẹ tún kọ ọ́ pé dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (ohun tí a fi ń wọn bí ìró ṣe pọ̀ tó) òdo ni "ibi tí kò sí ìró kankan". Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Etí ọmọ ènìyàn tó pé ni wọ́n wò kí wọ́n tó fi òdo síbẹ̀: ìró tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé gbọ́ mọ́ fún wa ni. Òwìwí ń gbọ́ èyí tó rẹlẹ̀ sí i. Bí a bá tẹ̀lé tiyín, a ti sọ pé ó ń gbọ́ ohun tí kò sí, ẹ sì mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ti ń fi ẹyẹ yẹn pè tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kọ kí ìwé tó wọ ilé ìtẹ̀wé.