HOA (ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò) ní kí n gé òdòdó iwájú ilé mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Maryland:
Ẹ kú ilé o. Mo hú koríko iwájú ilé mi dànù, mo gbin òdòdó tó jẹ́ ti ilẹ̀ ibí sí i: milkweed, bee balm àti black-eyed Susan, tó jẹ́ òdòdó ìpínlẹ̀ Maryland fúnra rẹ̀. Oyin àti labalábá ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Lánàá ni lẹ́tà HOA dé, wọ́n ní igbó ni, kí n gé e lulẹ̀ tàbí kí n san owó ìtanràn. Mo mọ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Òdìkejì títì ló ń gbé, koríko tirẹ̀ sì dà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ṣé kí n gé e ni?

Bàbá Ọlọ́gbà:
Ẹ má gé nǹkan kan, Ìyá Ìbejì. Maryland ṣòfin kan ní ọdún 2021, láti oṣù kẹwàá ọdún náà ló ti fìdí múlẹ̀: HOA ò lè fi dandan lé e pé koríko nìkan ni kí ẹ gbìn. Ọgbà oyin àti labalábá wà lára ohun tí òfin ọ̀hún gbè. Àmọ́ ó ní onílé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè mú yín. Ẹ to bíríkì yí i ká, ẹ gé èyí tó bá ya sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ wá fi ìwé dá wọn lóhùn. Ẹ má bá aládùúgbò yẹn sọ nǹkan kan o! Tí ẹ bá sì rí thistle tàbí Johnsongrass níbẹ̀, ẹ hú u kíá. Èpò tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí onílẹ̀ pa nìyẹn.

Àdùkẹ́ n'Íbàdàn:
Ha! Wolé-wolé wà ní Amẹ́ríkà náà! Tiwa, inú ìkòkò omi ni wọ́n máa ń yọjú wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń se milkweed yẹn ni?

Ìyá Ìbejì, Maryland:
Rárá o, májèlé wà nínú oje rẹ̀. Labalábá monarch ló ń yé sí i, ewé mìíràn kì í sì í wọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó bá dàgbà nígbà tí òtútù kù díẹ̀ kó dé ni í fò lọ títí dé Mẹ́síkò. Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́gbà:
Ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Pigweed ni àwọn àgbẹ̀ ibí ń pe àwọn ẹbí tẹ̀tẹ̀, èpò ni wọ́n kà wọ́n sí. Kí ẹ sì máa já a kó tó so, torí irúgbìn rẹ̀ ò mọ ààlà ilẹ̀.