Ibi tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ heparin mi parí sí

Mo bi yín léèrè nígbà kan bóyá kí n gba abẹ́rẹ́ heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) pẹ̀lú aspirin, nítorí pé oyún mẹ́ta ti bàjẹ́ mọ́ mi lára tí àyẹ̀wò kò sì rí ohun tó fà á. Mo padà wá jábọ̀.

Mo gbà á nínú oyún kẹrin. Àràárọ̀ ni mò ń gún ara mi níkùn, títí ojú ibẹ̀ fi dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, síbẹ̀ oyún náà kò kọjá ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Dókítà mìíràn tí mo lọ bá ló ṣàlàyé pé ìwádìí kan láti Netherlands, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, lo obìnrin 364 tí ọ̀ràn wọn jọ tèmi, àwọn tí ó sì lo aspirin, yálà pẹ̀lú heparin tàbí láìsí i, kò bímọ ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú. Àwọn tí ìtọ́jú náà wà fún ni àwọn tí àìsàn antiphospholipid (tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì) ń ṣe, èyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láti fi hàn lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 síra wọn. Tèmi kò fi í hàn (ó tilẹ̀ dùn mí, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan).

N kò gba abẹ́rẹ́ nínú oyún karùn-ún. Ọmọbìnrin ni mo bí. Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. N kò lè sọ ohun tó dá a dúró. Ẹ ṣeun, mo pa ìbéèrè mi dé.