"Jazz Batá 2" ti Chucho Valdés: báwo ló ṣe rí lára yín nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ ọ?

Onídùùrù_Òṣogbo
Ẹ kú ilé o. Àwo orin kan ló gbà mí lọ́kàn báyìí, "Jazz Batá 2" tí Chucho Valdés ará Kúbà gbé jáde ní 2018. Èèyàn mẹ́rin péré ni. Chucho ń tẹ píánò, Yelsy Heredia ń ta báàsì, Yaroldy Abreu ń lu kóńgà àtàwọn ìlù mìíràn, Dreiser Durruthy Bombalé ń lu bàtá, òun náà ló tún ń kọrin. Kò sí dírọ́ọ̀mù òyìnbó níbẹ̀ rárá. Regina Carter wá bá wọn ta fáyólìnì nínú orin méjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ jáàsì, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n kàn ń fi ìlù wa ṣe ẹ̀ṣọ́ ni. Nínú èyí, bí píánò bá wí tirẹ̀, bàtá á dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ wá sọ tiyín.

Adéọlá_Peckham
Fáyólìnì inú "Ochún" yẹn! Omijé bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀ ojú irin.

ỌmọÀyàn_Ẹ̀rìn
Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, ní Ẹ̀rìn Ọ̀ṣun. Bàbá mi ń fa awọ ìyáàlù kan le lọ́wọ́ nígbà tí mo tan "Obatalá" lórí fóònù. Píánò ń dún, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Bí bàtá ṣe wọlé báyìí, wọ́n fi awọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Bílálà wọn dà?" Mo ṣàlàyé pé orí itan ni wọ́n ń gbé e lé ní Kúbà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń fi bílálà, awọ tí a fi ń lù ú nílé, na ṣáṣá, ojú rẹ̀ kékeré. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Nígbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka gbá àga. Ipa omele ni wọ́n ń gbá, ó sì bá orin yẹn mu rẹ́gí! Wọ́n wá ní, "Àwọn ọmọ yìí mọ ilé. Àmọ́ ìyáàlù wọn ò pe orúkọ ẹnì kankan." Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ bá mi kí bàbá o. Kí Àyàn máa gbè wọ́n.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sọ́hùn-ún, bàbá ṣì dá ìlù wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀? Jáàsì ni mo gbọ́ níbẹ̀ ní tèmi. Jáàsì tó dùn, mi ò jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n_Miami
Kọ́lá, ṣe sùúrù. Mo ti jókòó ti bàtá wọn níbí, nílé olórìṣà kan. Kí ẹnikẹ́ni tó dá orin, onílù mẹ́ta á kọjú sí ojúbọ, wọ́n á máa lu ìlù òrìṣà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn. Kò sí orin, kò sí ijó, ìlù nìkan. Iyá, itótele, okónkolo lorúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n ṣe ń kí Ọbàtálá yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń kí Ṣàngó. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lójúbọ rí kò ní béèrè ibi tí orin yẹn ti ṣẹ̀.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá
Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ìlù tí kò bá sọ̀rọ̀, ṣé bàtá náà ni?

ỌmọÀyàn_Ẹ̀rìn
Àbúrò, nílé níbí gan-an, mélòó lára yín ló gbọ́ ohun tí bàtá ń wí? Dùndún ni gbogbo ayé ń gbọ́. Ti bàtá, ẹnà ni, àfi ẹni tó bá kọ́ ọ. Àwọn ará Kúbà ti ń fi èdè Sípéènì ṣe gbogbo nǹkan, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ò gbàgbé. Èmi ò lè gba iyẹn lọ́wọ́ wọn.

Dékúnlé_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo èyí, ẹ lọ gbọ́ "Jazz Batá" àkọ́kọ́, ti 1972. Chucho, Carlos del Puerto tó ń ta báàsì, Oscar Valdés tó ń lu bàtá. Àwọn mẹ́ta yẹn nìkan. Ní 1973 ni Chucho dá ẹgbẹ́ olórin Irakere sílẹ̀, fèrè àti gìtá wá pọ̀ rẹpẹtẹ, mo fẹ́ràn Irakere dọ́ba, àmọ́ ìgbà tí wọn ò ju mẹ́ta lọ ni mo gbọ́ ohun tí ọwọ́ òsì Chucho ń ṣe dáadáa. Ó ń lu píánò yẹn ni, kì í ṣe títẹ̀. Bàbá rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ lànà: Bebo Valdés ti gbé bàtá wọnú ẹgbẹ́ olórin ńlá ní 1952, batanga ni wọ́n pe àrà ìlù náà. 1918 ni wọ́n bí Bebo, ìdí nìyẹn tí Chucho fi fi "100 Años de Bebo" (Ọgọ́rùn-ún Ọdún Bebo) sínú àwo ti 2018 yìí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí bàbá àti ọmọ, 9 Oṣù Kẹwàá. Bebo kúrò ní Kúbà ní 1960, Sweden ló sì kú sí ní 2013. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó tan orin náà.

Adéọlá_Peckham
Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni! Mo ń lọ tún un gbọ́.

Sister_Fúnmi
Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò sọ pé kò dùn. Àmọ́ ìlù òrìṣà ṣáà ni. Ṣó yẹ kí wọ́n máa gbé e kiri orí ìtàgé?

Ẹ̀gbọ́n_Miami
Ìlù tí wọ́n ti ṣètùtù sí kì í dédé jáde nílé òrìṣà, sister. Aberikulá ni wọ́n ń gbé lọ sórí ìtàgé, ìyẹn èyí tí wọn ò ṣètùtù sí. Àwọn gan-an mọ ààlà.

Onídùùrù_Òṣogbo
Sister Fúnmi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dénú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo ti tẹ dùùrù rí, wọ́n dá ọmọkùnrin kan padà lẹ́nu ọ̀nà torí pé omele mẹ́ta ló gbé wá. Gángan nìkan ni wọ́n lè gbà. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n lù ju gbogbo wa lọ, kò sì padà wá mọ́.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá
Omele mẹ́ta kọ́ ni bàtá o.

ỌmọÀyàn_Ẹ̀rìn
Kọ́lá! Omele bàtá mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ ni. Kí lo rò pé wọ́n fi ń lu fújì?

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá
Ó dáa, mo gbà. Ti Kúbà nìkan ni mi ò tíì gbà.

Sister_Fúnmi
Onídùùrù, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ẹ bá wa wá ọmọ yẹn. Wọ́n ń wá onílù ní ìjọ wa, a ò sì ní lé e.

Dékúnlé_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Kọ́lá, kí lo fi gbọ́ ọ? Bó bá jẹ́ fóònù lásán, o ò tíì gbọ́ báàsì Heredia. Wá íápíìsì gidi, bẹ̀rẹ̀ láti "Obatalá", ká tún wá máa jiyàn.