Awọ apá tafàtafà: ibo ni kí n fín ọnà sí?

Aránbàtà Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàtà àti bẹ́líìtì ni mò ń rán ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Oníbàárà mi kan tó ń kọ́ ọfà títa ní kí n bá òun ṣe awọ tí wọ́n ń so mọ́ apá, láàárín ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá, kí ọsán, ìyẹn okùn ọrun, má baà máa na òun. Ó fẹ́ ọnà àdìrẹ lójú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì fẹ́ kó ní àwọ̀ aró gidi. Mo ti ya ewé ẹ̀gẹ́ sórí páálí, ó wù mí púpọ̀. Èrò mi ni pé kí n gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí n lẹ̀ wọ́n lé ara wọn, kí n wá rán an bí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe làbà Ṣàngó, àpò awọ àwọn oníṣàngó. Ṣé ọnà lè wà níbi gbogbo? Irú awọ wo ni kí n rà? Ṣé mo lè rì í sínú aró? Iṣẹ́ yìí jẹ mí lógún, mi ò fẹ́ kó dójú tì mí.

Tafàtafà Ìbarà
Ọ̀gá, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì lẹ ohunkóhun. Bí ọfà bá kúrò lọ́wọ́, ọsán á sáré gba inú apá tó di ọrun mú kọjá. Bó bá bá ẹran ara, ibẹ̀ á wú, á sì dúdú. Bó bá wá bá etí awọ tó yọ sókè tàbí ojú òwú, á kọ́ síbẹ̀, ọfà á ṣìnà, òwú yín náà ò ní pẹ́ já. Iṣẹ́ làbà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn apá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Inú apá gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ bi oníbàárà yín ọwọ́ tó fi ń fa ọsán: bó bá jẹ́ ọ̀tún, apá òsì ló máa wọ awọ.

Ọ̀ṣọ́ Awọ
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Tafàtafà lórí ọnà tó yọ sókè. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé inú apá gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Rose, rì ní 1545. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1982, wọ́n bá irú nǹkan ìdáàbò apá yìí nínú ẹrù àwọn tafàtafà inú rẹ̀. Awọ ló pọ̀ jù, ọ̀kan sì jẹ́ eyín erin. Wọ́n tẹ ọnà sójú àwọn kan nínú wọn, òdòdó rose wà níbẹ̀. Títẹ̀ wọlé ni, kì í ṣe lílẹ̀. Ọnà tó bá wọnú awọ díẹ̀, ọsán á gba orí rẹ̀ kọjá.

Báyìí ni kó o ṣe ewé ẹ̀gẹ́ rẹ. Fi kànrìnkàn tútù nu ojú awọ, kó o sì dúró títí àwọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ tó bá kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ, á ṣì tutù. Ìgbà yẹn gan-an ni kó o tẹ̀ ẹ́. Bó bá tutù jù, ilà á dì padà. Bó bá ti gbẹ, òòlù á kàn máa ró lórí rẹ̀ lásán ni. Kí ilà má jìn, torí awọ tí ọ̀bẹ bá gé kọjá ìdajì á ya níbẹ̀ bó bá ti ká mọ́ apá.

Aránbàtà Láfẹ́nwá
Ní ti awọ, ìdí tí kò fi rọrùn láti rí níhìn-ín ni pé púpọ̀ nínú awọ màlúù tí wọ́n ń bó lọ́dọ̀ wa, pọ̀nmọ́ ló ń dà. Awọ tí wọ́n ti ṣe, Kánò ló pọ̀ sí. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e. Bí àárín rẹ̀ bá rí bí eérú tó fẹ́ jọ àwọ̀ aró, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní króòmù ni wọ́n fi ṣe é, kò ní di ọnà mú. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi èèpo tàbí èso igi ni wọ́n fi ṣe é, òun lẹ ó rà. Nípọn rẹ̀ kó tó mìlímítà 3.

Ìyá Aláàdìrẹ
Ọmọ mi, má rì awọ sínú ìkòkò aró o! Omi eérú ló wà nínú aró, àwọn mìíràn sì ń lo kọ́sítíìkì sódà. Aṣọ lè gbà á, awọ ò lè gbà á: á dúdú, á gan, bó o bá ká a, á sán. Ra aró awọ tí ẹ̀yin aránbàtà ń lò, fi aṣọ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gbẹ, fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ náà ò fi ní gba àwọ̀ mọ́, kó o tó fi ìda oyin pa á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òógùn á kó àwọ̀ náà sára aṣọ oníbàárà rẹ.

Ọ̀ṣọ́ Awọ
Bí oníbàárà bá gba dúdú, irin tó dógùn-ún tí ẹ rẹ sínú fínígà fún ọjọ́ díẹ̀ á sọ awọ tí wọ́n fi omi èèpo igi ṣe di dúdú fúnra rẹ̀. Ẹ má dé ìgò náà pa, torí ó máa ń yọ gáàsì.

Aránbàtà Ìtòkú
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìyá, ẹ ò ní rí awọ mi nítòsí aró. Ọnà títẹ̀ ni màá ṣe sínú apá, màá gbé ti làbà lọ sẹ́yìn. Ó ku bí yóò ṣe dè é: bọ́kùlù ni tàbí okùn?

Tafàtafà Ìbarà
Oníbàárà yín nìkan ni yóò máa dè é, ọwọ́ kan ló sì máa lò, torí náà okùn rọ́bà pẹ̀lú ìkọ́ ló dáa jù. Ẹ wọn yíyípo apá nísàlẹ̀ ìgúnpá, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lókè ọrùn ọwọ́, torí wọn kì í dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí àlàfo ìka méjì wà láàárín etí méjèèjì lẹ́yìn apá. Kí gbogbo ìkọ́ àti ihò wà lẹ́yìn níbẹ̀, kí awọ má sì dé ibi tí ìgúnpá ti ń ṣẹ́. Ẹ fi páálí gé e kó wọ̀ ọ́ wò ná, kẹ́ ẹ ní kó fa ọrun lójú yín.