Abọ́ igi mi kì í rí bó ṣe rí nínú fọ́tò

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbàdàn ni mo wà, abọ́ ni mò ń fi ẹ̀rọ ayígi gbẹ́ látara igi apá àti ìrókò, màá wá fi òróró pa á. Lójú, ó ń dán, ilà ara igi ń hàn kedere.

Fóònù ni mo fi ń yà á, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kan á máa kọ mànà, òjìji á bo inú abọ́. Mo tẹ́ aṣọ funfun nítòsí fèrèsé; ó sàn díẹ̀, àmọ́ abọ́ igi apá tó pupa dáadáa wá dúdú bí èédú.

Oníbàárà kan tún ní òun rò pé abọ́ náà tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò o! Ṣé kí n gbé ọsàn sínú rẹ̀ ni? Ìyàwó mi ní kí n bu àmàlà sí i. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ìrókò sì máa ń ṣú sí i bó bá ṣe ń pẹ́. Ṣé fọ́tò tuntun ni kí n máa yà, àbí kí n kàn kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ó máa ṣú sí i?