Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ wá ìdí ilé wa kan ìga l'Ékòó?

ỌmọSùúrùlérè
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Láti kékeré lọ̀rọ̀ ọba ti ń wù mí, tí wọ́n bá ń fi ìwúyè hàn nínú tẹlifíṣọ̀n mi ò ní gbọ́ oúnjẹ, màá máa wo ìlẹ̀kẹ̀, màá máa wo ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún àti ẹni tó dìde dúró. Màmá tó bí bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, tí wọ́n bá ń kì mí láàárọ̀ wọ́n á dé ibì kan tí wọ́n á dárúkọ Ológun Kútere, ọba Èkó àtijọ́, wọ́n á ní ọmọ ìga ni wá, ìyẹn ààfin tí wọ́n ń pè ní ìga l'Ékòó. Bàbá mi ò mọ̀ kọjá bàbá bàbá wọn. Ta ni kí n lọ bá, kí ni kí n wá? Mo ti wá a lórí Google, orúkọ àwọn ọba ni wọ́n kàn ń tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ìyá Ìbejì Láfíàjì
Àbúrò mi, má tíì lọ sáàfin o. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí yín ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, àwọn obìnrin ilé ló ń ki èèyàn lójoojúmọ́, oríkì ò ṣàjèjì lẹ́nu wọn. Fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, má sì já lu ọ̀rọ̀ wọn rárá torí ẹni tó ń kì tó o bá dá a lẹ́nu dúró á ṣòro kó tó padà síbi tó dé. Tí wọ́n bá parí kó o wá máa bi wọ́n, ta ni eléyìí, ta ló bí i.

Ohun míì, ṣé ilé ọkọ wọn ni màmá yẹn ń fi kì ẹ́ àbí ilé bàbá tiwọn? Torí bó bá jẹ́ ilé bàbá tiwọn, wàá wá orúkọ ẹbí tó ò ń jẹ́ títí, o ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ológun Kútere tí wọ́n ń dárúkọ yẹn fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti rí oyè. Ẹrelú Kútì, ọmọ Adó tó jọba Èkó, ló bí i, Alágbígba babaláwo ni bàbá ẹ̀, ó sì jọba l'Ékòó, ìran ẹ̀ náà ló ṣì ń jẹ ẹ́ dòní. Nítorí náà béèrè ọ̀dọ̀ ìyá dáadáa.

Lọ́yà Marina
Ìyá Ìbejì sọ òótọ́, mo kàn fẹ́ fi ẹjọ́ ilẹ̀ kún un. L'Ékòó tí ẹbí méjì bá ń du ilẹ̀, oníkálukú gbọ́dọ̀ ka ìran ẹ̀ ní kóòtù, ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, ẹni tó bí, bó ṣe kàn wá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹjọ́ Olóyè Amodu Tijani, tí oyè wọn ń jẹ́ Olúwa, lórí ilẹ̀ Àpápá dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá wọn lọ ní 1920, wọ́n sì dá wọn láre ní 1921. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kóòtù Igbosere jóná ní October 2020 lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìdájọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé òfin ṣì wà, ọ̀pọ̀ ẹbí náà sì ní ẹ̀dà tiwọn nínú àpótí. Béèrè bóyá ẹbí yín ti ṣẹjọ́ ilẹ̀ rí.

Ará Ìdúmọ̀tà
Kì í ṣe gbogbo ìga ló jẹ́ ti ọba o. Ìga Ìdúngànran ni ti ọba, àmọ́ àwọn olóyè onífìlà funfun náà ní ìga tiwọn, àwọn Ìdẹ́jọ tó nilẹ̀ nínú wọn ni ọmọ Olófin, wọ́n ti wà l'Ékòó kí ọba tó dé, oko ata Àrómirẹ, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ni wọ́n sì kọ́ ààfin ọba lé. Béèrè orúkọ ìga náà gan-an. Mùsíọ́mù Oníkàn náà dáa, lọ wò ó. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kóun bá ẹ kọ ìwé ìdílé ọba, má dá a lóhùn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Tí orúkọ Kòsọ́kọ́ tó jọba Èkó nígbà kan bá jáde nínú oríkì yẹn, máa bọ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Nígbà táwọn òyìnbó fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé e kúrò ní December 1851, ọ̀dọ̀ wa ló sá wá tòun tàwọn èèyàn ẹ̀, òun padà sí Èkó nígbà tó yá àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló bá a padà. Àwọn àgbà kan wà níbí tí wọ́n mọ agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko.

ỌmọSùúrùlérè
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yín yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí! Àǹtí bàbá mi kan wà ní Mushin, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ Sátidé. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wọn, bàbá kan wọ agbádá funfun, ó dé fìlà funfun, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, etí fọ́tò náà ti pọ́n. Mi ò mọ ta ni.

Ìyá Ìbejì Láfíàjì
Yọ ọ́ kúrò nínú férémù jẹ́jẹ́, kó o wo ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn olùyàwòrán ayé ijọ́un máa ń kọ orúkọ àti ọdún síbẹ̀. Tó o bá rí nǹkan kan, fi síbí ká jọ kà á.